Àárẹ̀ Tí Kì í Ṣe Ti Ọ̀lẹ: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Táírọ́ìdì Tí Kò Ṣiṣẹ́ Tó

    

Nígbà tí ìgbìmọ̀ yín, ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ẹ̀kọ́ yìí, kọ̀wé sí mi, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera obìnrin, kí n mú èyí tó bá wù mí níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ ti gbọ́ nípa ìtọ̀ ṣúgà, ẹ ti gbọ́ nípa jẹjẹrẹ ọmú. Èyí tí mo mú wá kò tíì wọ́pọ̀ lẹ́nu wa: àìsàn táírọ́ìdì tí kò ṣiṣẹ́ tó. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí a ń pè ní ọ̀lẹ, tí a ń sọ pé ọjọ́ ogbó ti dé bá láìtọ́jọ́, tí a ń gbé kiri láti ilé wòlíì dé ilé alágbo, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí a bá fà lápá wọn ni yóò sọ ohun tó ń ṣe wọ́n, hóró oògùn kékeré kan lójúmọ́ ni yóò sì gbé wọn dìde. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Ohun tó wà lọ́rùn wa

Kò sẹ́ni tí kò mọ gẹ̀gẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Táírọ́ìdì ni ohun tó ń wú tó fi ń di gẹ̀gẹ̀. Gbogbo wa la ní in, àtẹni tó ní gẹ̀gẹ̀ àtẹni tí kò ní. Ó wà níwájú ọrùn, nísàlẹ̀ gògóńgò, apá kan lọ́tùn-ún, apá kan lósì, ọ̀já tín-ín-rín kan so wọ́n pọ̀ láàárín. Gbogbo rẹ̀ kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 20 lọ. Áyódínì tó wà nínú oúnjẹ wa ló fi ń ṣe họ́mọ́ọ̀nù méjì tí wọ́n ń pè ní T4 àti T3, tó sì ń tú wọn sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ló ń sọ bí ọkàn yóò ṣe yára lù sí, bí ara yóò ṣe gbóná tó, bí oúnjẹ yóò ṣe tètè dà nínú, bí ọpọlọ yóò ṣe jí pépé. Bí wọ́n bá dín lára, kò sí ibi tí kò ní máa fà.

Táírọ́ìdì kì í dá ṣiṣẹ́ láìlọ́gàá. Ẹ̀yà kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ tó ń rán họ́mọ́ọ̀nù tirẹ̀, TSH, sí i pé kó ṣiṣẹ́. Ẹ wo ọ̀gá kan àti ọmọṣẹ́ rẹ̀. Bí ọmọṣẹ́ bá ń ṣe dáadáa, ohùn jẹ́jẹ́ ni ọ̀gá ń lò. Bó bá ń fà, ohùn ọ̀gá á ròkè, títí yóò fi di igbe. TSH ni ohùn ọ̀gá yẹn. Ìdí nìyẹn tí TSH fi ń ga nígbà tí agbára táírọ́ìdì bá ń lọ sílẹ̀. Èèyàn á mú ìwé àyẹ̀wò wá bá mi, á ní, "Dókítà, láàbù ní ó ga, ẹ̀yin ní ó lọ sílẹ̀, èwo ni ká gbà?" Òótọ́ ni méjèèjì.

Èèyàn lè ní gẹ̀gẹ̀ ńlá kí táírọ́ìdì rẹ̀ máa ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, tàbí kó tilẹ̀ máa ṣiṣẹ́ àṣejù. Ẹlòmíràn lè ní ọrùn tó dán gbinrin, kí táírọ́ìdì inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Gẹ̀gẹ̀ tí ojú ń rí ni a máa ń sáré sí. Àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an nìyẹn.

Bó ṣe ń yọ́ wọlé

Àìsàn yìí kì í kan ilẹ̀kùn. Ó lè gba ọdún méjì, mẹ́ta, kó tó hàn, nǹkan kọ̀ọ̀kan tó sì ń bá a rìn ló ní àlàyé mìíràn tí a lè fún un. Mo rí ìyá kan ní oṣù kẹta ọdún, àsìkò tí ooru ń mú tí fáànù ò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Súwẹ́tà ló wọ̀ wọ ọ́fíìsì mi. Aṣọ ló ń tà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún díẹ̀. Ó ti gbà mí láyè láti sọ ìtàn rẹ̀, bí n kò bá ti dárúkọ.

Nígbà tó kọ́kọ́ ń sanra, àwọn tí wọ́n jọ ń tajà ń kí i ni. "Ara yín ń dán o, ọjà ń tà!" Bẹ́ẹ̀ oúnjẹ kì í wù ú jẹ. Ojú rẹ̀ wú láàárọ̀, wọ́n ní oorun ló pọ̀ jù. Kì í lè yàgbẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n po agbo jẹ̀díjẹ̀dí fún un. Ó ń gbàgbé iye tí oníbàárà jẹ ẹ́, ọmọ rẹ̀ kan ní ogbó ti dé. Nígbà tí kò lè dìde lọ sọ́jà mọ́ kí oòrùn tó yọ, wòlíì kan ní ẹnìkan ló fi okùn dè é níbi tó ń tajà. Dókítà tó rí i ṣáájú mi kọ fítámìn fún un. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní London ló fi dandan lé e pé kí wọ́n tún gbé e wá, torí nígbà tó pè é lórí fóònù, ohùn tó gbọ́ mú kó rò pé bàbá òun ló gbé e.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó kúnlẹ̀ sórí àga kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ síta. Mo kọ́kọ́ tọrọ gáfárà, nítorí ìyá kì í kúnlẹ̀ fọ́mọ. Mo fi òòlù onírọ́bà lu iṣan tó wà lókè gìgísẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ náà ta, bó ṣe yẹ kó ta. Àmọ́ ní bíbọ̀ wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń bọ̀. Ẹsẹ̀ ẹni tí họ́mọ́ọ̀nù táírọ́ìdì rẹ̀ pé kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀ kó tó padà sípò. Ọmọ tó mú un wá rí i, ó ní kí n tún un lù kí òun wò ó dáadáa. Nígbà tí àbájáde ẹ̀jẹ̀ dé, TSH rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́wàá ohun tó yẹ lọ.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ní gbogbo àmì yìí. Àwọn kan, irun orí wọn á máa já, irun òkè ojú á sì máa fẹ́lẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ìta. Awọ á gbẹ, á máa bó. Ọwọ́ á máa kú wọn lóru. Wọ́n á máa hanrun tí wọn kì í hanrun tẹ́lẹ̀. Ọ̀rá á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn láìjẹ́ pé wọ́n ń jẹ ọ̀rá. Ìsoríkọ́ ni tàwọn mìíràn, tí omijé kò jìnnà sí wọn láìsí ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n. Nǹkan oṣù lè máa ya púpọ̀, ó sì lè dáwọ́ dúró. Oyún lè má dúró, tàbí kó máa bàjẹ́ lára. Mélòó nínú àwọn ìyàwó tí ìyá ọkọ ń pè ní àgàn ni wọ́n ti yẹ táírọ́ìdì wọn wò rí? Obìnrin ló ń ṣe jù, ó fi ìlọ́po púpọ̀ ju ti ọkùnrin lọ, ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin bàbá má rẹ́rìn-ín, nítorí ó ń ṣe yín náà, ẹ̀yin ni ẹ kì í sì í tètè wá.

Ẹ má sì jáde níbí kí ẹ máa sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá ti rẹ̀, táírọ́ìdì ni. Àìtó ẹ̀jẹ̀ ń mú àárẹ̀ wá, ìtọ̀ ṣúgà ń mú un wá, ọ̀fọ̀ àti gbèsè náà ń mú un wá. Bí àmì méjì, mẹ́ta bá ti jọ wà lára ẹnìkan, àyẹ̀wò ló kàn.

Ohun tó ń fà á

Àìtó áyódínì ni òkìkí rẹ̀ kàn jù láyé. Ilẹ̀ tó jìnnà sókun, àti ilẹ̀ òkè tí òjò ti ń fọ̀ láti ayébáyé, áyódínì kì í pọ̀ nínú oúnjẹ ibẹ̀. Àgbàlagbà kan nílò nǹkan bíi máíkírógíráàmù 150 lójúmọ́, aláboyún nílò 250, bíńtín sì ni ìyẹn jẹ́. Láti ọdún 1993 ni Nàìjíríà ti ń mú kí wọ́n máa fi áyódínì sí iyọ̀ tí à ń jẹ. Mo gbà pé ó wà lára iṣẹ́ tó dára jù tí ìjọba ti ṣe fún ìlera wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń fi ijó àti ìlù kí iyọ̀. Ẹ wo ara ọ̀rá rẹ̀ bóyá ó ní áyódínì kí ẹ tó rà á, kí ẹ sì fi ìdérí dé e nílé, torí oòrùn àti ọ̀rinrin ń pa áyódínì inú rẹ̀.

Wọ́n máa ń bi mí nípa ẹ̀gẹ́. Òótọ́ ni pé ẹ̀gẹ́ tí a kò rẹ dáadáa ní májèlé tí ara ń sọ di ohun tó ń dènà áyódínì. Àmọ́ ibi tí áyódínì ò bá tó ni wàhálà rẹ̀ wà. Gàrí tó kan, tí a fún omi rẹ̀ dànù, tí a yan, ti bọ́ lọ́wọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú májèlé náà. Kí ará Ìjẹ̀bú fọkàn balẹ̀.

Níbi tí áyódínì bá ti tó, ohun tó ń fà á jù ni àìsàn tí Hakaru Hashimoto, dókítà ará Japan, kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1912. Ẹ̀ṣọ́ ara tó yẹ kó máa gbógun ti kòkòrò àrùn ló ń kọjú ìjà sí táírọ́ìdì, tó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó máa ń rìn nínú ẹbí, nítorí náà bí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n bá ní in, kí àbúrò má dákẹ́. Àwọn tí wọ́n ti yọ gẹ̀gẹ̀ fún náà tún wà: bí wọ́n bá yọ gbogbo táírọ́ìdì, a gbọ́dọ̀ fi oògùn rọ́pò rẹ̀ títí ayé. Mo ti rí àwọn tí iṣẹ́ abẹ wọn yọrí dáadáa, ọrùn wọn rẹwà, tí wọn kò sì padà wá gba oògùn mọ́. Oògùn ìtànṣán tí a fi ń wo táírọ́ìdì aláṣejù lè sọ ọ́ di èyí tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn oògùn kan bíi lithium àti amiodarone.

Ọ̀kan kù tí mo fẹ́ kí àwọn agbẹ̀bí fetí sí. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ya lára rẹ̀ púpọ̀ nígbà ìbímọ, tí omi ọmú rẹ̀ kò wá rárá, tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò padà mọ́, ọ̀gá abẹ́ ọpọlọ yẹn ló lè ti farapa. Ohùn rẹ̀ ti há. Bí ẹ bá yẹ TSH nìkan wò, kò ní ga, ẹ ó sì ní kò sí nǹkan. Ẹ yẹ T4 náà wò.

Àyẹ̀wò

Ẹ̀jẹ̀ apá ni. TSH àgbàlagbà sábà máa ń wà láàárín 0.4 sí 4. Bó bá ju 10 lọ, tí T4 sì lọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí: ìtọ́jú ló kàn. Èyí tó máa ń mú àríyànjiyàn wá ni TSH tó kọjá ààlà díẹ̀, bíi 6, tí T4 ṣì pé. Lójú tèmi, a ti ń yára jù láti kọ oògùn fún irú wọn. Ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta. Púpọ̀ nínú wọn ló ń padà sípò fúnra wọn. Ti aláboyún àti ẹni tó ń wá ọmọ yàtọ̀, nítorí ọmọ inú ń gbára lé họ́mọ́ọ̀nù ìyá rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ń lo biotin fún irun àti èékánná, ẹ sọ fún wọn ní láàbù, torí ó lè yí èsì padà.

Ìyá kan ní Newcastle

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí oògùn yìí ti wá. Ní 1873, William Gull, dókítà ní London, kọ̀wé nípa àwọn obìnrin tí ojú wọn wú, tí ọ̀rọ̀ wọn falẹ̀, tí làákàyè wọn ń rọ̀. Kò mọ ohun tó fà á. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, Theodor Kocher, oníṣẹ́ abẹ ní Switzerland, tó mọ gẹ̀gẹ̀ yọ ju ẹnikẹ́ni lọ, rí i pé àwọn tí òun yọ gbogbo táírọ́ìdì fún ti ń di bákan náà. Ó jáwọ́ nínú yíyọ gbogbo rẹ̀, ó sì sọ ọ́ fáyé gbọ́. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1909.

Ní 1891 ni George Murray, dókítà ọ̀dọ́ kan ní Newcastle, fún omi inú táírọ́ìdì àgùntàn, ó sì gún un lábẹ́rẹ́ fún ìyá ẹni ọdún 46 kan tí wọ́n ti sọ̀rètí nù lórí rẹ̀. Ara rẹ̀ yá. Lẹ́yìn náà, mímu ló ń mu ún. Ọdún 28 ló tún lò láyé, ó kú ní 1919 lẹ́ni ọdún 74. Murray ṣírò rẹ̀: táírọ́ìdì àgùntàn tó lé ní 870 ló bá ìtọ́jú ìyá kan ṣoṣo yìí lọ. Iléyá mélòó nìyẹn!

Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1914 ni Edward Kendall rí T4 yọ lásán, láìlábùlà, ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi di 1927, Charles Harington àti George Barger ti ṣe é fúnra wọn láìsí ẹran kankan níbẹ̀. Òun náà ni levothyroxine tí àwọn apòògùn ń tà fún wa lónìí, ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí táírọ́ìdì ń ṣe.

Hóró kan láàárọ̀

Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi máíkírógíráàmù 1.6 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí èèyàn wọ̀n, ìyẹn ni pé ẹni tó wọn kílò 70 lè nílò bíi 112. Àgbàlagbà tí ọkàn rẹ̀ ò lágbára, 25 la ti máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí a kì í fi ìkánjú jí ọkàn tó ti ń sùn.

Bí a ṣe ń lò ó ṣe pàtàkì bí oògùn náà ṣe ṣe pàtàkì. Omi lásán ni kí ẹ fi gbé e mì kí inú tó gba nǹkan kan. Ó kéré tán, ẹ dúró fún ààbọ̀ wákàtí, wákàtí kan ló dára jù, kí ẹ tó mu ògì tàbí tíì. Oògùn ẹ̀jẹ̀, káísíọ̀mù, oògùn ọgbẹ́ inú, ẹ fi wákàtí mẹ́rin sáàárín wọn. Ìyá tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ àti levothyroxine pọ̀ láàárọ̀, levothyroxine náà kì í ráyè wọlé. A ó máa fi kún oògùn rẹ̀ lásán. Lásìkò Ràmàdáànì, ẹ lè lò ó lóru kí ẹ tó sùn, bí ó bá ti tó wákàtí mẹ́ta tí ẹ jẹun.

Ẹ máa retí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ la ó tó tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn ìyípadà kọ̀ọ̀kan. Aláboyún sábà máa ń nílò kí a fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin sí ìdajì kún tirẹ̀, kó sì sọ fún dókítà ní gbàrà tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò bá wá. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ìdí kan náà la fi ń tún àyẹ̀wò ṣe.

Ibi tó ń dùn mí jù ni dídáwọ́ oògùn dúró. Ọjọ́ méje lẹ́yìn tí ẹ bá lo levothyroxine, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára. Nítorí náà, ẹni tó bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìsọjí kan, tàbí lẹ́yìn ìgò agbo kan, ara rẹ̀ á le ní ọ̀sẹ̀ kìíní, á le ní ìkejì, á jẹ́rìí níwájú ìjọ. Oògùn tó kù lára ló ń jẹ́rìí. Oṣù kejì, ìkẹta, súwẹ́tà yóò tún jáde. N kò bá àdúrà jà. Mò ń gbàdúrà. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì lo oògùn yín. Ẹni tó pa á tì pátápátá lè dákú bí òtútù, àkóràn tàbí oògùn oorun bá bá a, àwọn kan kì í sì í jí. Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má lò ó torí àtifọn: ó ń da lílù ọkàn rú, ó sì ń jẹ egungun.

Ọmọ tí kì í ké

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Láàárín ọmọ 2,000 sí 4,000 tí a bá bí, ọ̀kan máa ń wáyé láìní táírọ́ìdì tàbí pẹ̀lú èyí tí kò ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ ìkómọ, kò sẹ́ni tó lè fi ojú lásán mọ̀, nítorí họ́mọ́ọ̀nù ìyá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ibà pọ́njú tí kò tètè lọ, ìdodo tó yọ, ahọ́n tó tóbi, inú tó ń kún, oorun ṣáá. Ìyá á máa dúpẹ́ pé, "Ọmọ yìí kì í yọ mí lẹ́nu, kì í ké." Ọmọ tí kì í ké rárá, ẹ gbé e wá. Bí ìtọ́jú bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, yóò kàwé, yóò ṣe bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Bó bá pẹ́, ohun tí ọpọlọ ti pàdánù kò ṣeé rà padà. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Láàárín àwọn ọdún 1970 ni Jean Dussault ní Québec, ní Kánádà, ti fi hàn pé ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti gìgísẹ̀ ọmọ tuntun tó láti mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń ṣe é fún gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí. Ní tiwa, kò tíì kárí.

Kábíyèsí, ẹ̀bẹ̀ tí mo mú wá síwájú yín nìyí: ẹ bá wa dé ọ̀dọ̀ ìjọba, kí àyẹ̀wò gìgísẹ̀ di ohun tí a ń ṣe ní gbogbo ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹ ti kọ́ yàrá ìkàwé fún ilé ẹ̀kọ́ yìí. Àyẹ̀wò TSH fún àwọn ìyá tí kò lówó lọ́wọ́ kò ju agbára yín lọ.

   Ìyá aláṣọ tó fún mi ní ìtàn rẹ̀ ti padà sọ́jà. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó béèrè báyìí. Ẹni tí kò bá fẹ́ béèrè lójú gbogbo èèyàn, mo máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.